Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ẹ má fi ìlú pín asẹ́ ímeèlì

Ìbéèrè: Akọ̀wé ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Àkúrẹ́ ni ọ́fíìsì wa gangan wà, a sì ní ẹ̀ka kan nílùú Òndó. Google Workspace la fi ń ṣe ímeèlì. Nígbà tí ímeèlì àwọn oníjìbìtì pọ̀ jù, mo mú asẹ́ wa le fún gbogbo èèyàn. Látìgbà náà, rìsíìtì táwọn òbí ń fi ránṣẹ́ sí akápò kì í dé mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń rí "ẹ ti jẹ ẹ̀bùn fóònù" gbà. Wọ́n ní kí n pín wa sí ẹ̀ka ẹ̀ka, kí asẹ́ kálukú yàtọ̀. Ṣé kí Àkúrẹ́ dá dúró, kí Òndó náà dá dúró?
*Akọ̀wé, Àkúrẹ́*

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Akápò tó wà l'Ákùúrẹ́ àti èyí tó wà l'Òndó, irú ímeèlì kan náà ni wọ́n ń gbà: rìsíìtì, àlẹ́ẹ̀tì báǹkì, ìwé owó àwọn tó ń tajà fún yín. Akápò Òndó àti ọmọ JSS1 tí wọ́n jọ wà nínú ọgbà kan náà ńkọ́? Ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Iṣẹ́ ni kí ẹ fi pín wọn sí ẹ̀ka. Asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì kọ́ la fi ń sẹ́ gàrí.

Organizational unit ni Google ń pe ẹ̀ka bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan kì í wà nínú méjì, ohun tí ẹ bá sì ṣe lókè làwọn tó wà nísàlẹ̀ ń jogún, àfi tí ẹ bá yí i padà fún wọn. Òkè pátápátá lẹ ti mú asẹ́ le, ìyẹn ló jẹ́ kó kan akápò. Ẹ dá ti òkè padà sí bó ṣe wà, kí ẹ wá dá ẹ̀ka akápò, ti olùkọ́ àti ti akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀.

Ti akápò ló gba sùúrù jù. Ọ̀pọ̀ òbí ń lo Gmail, ẹnìkan á sì sọ fún yín pé kí ẹ kọ gmail.com sínú orúkọ àwọn tí asẹ́ kò gbọdọ̀ dí lọ́nà. Ẹ má gbọ́! Olè náà lè ṣí Gmail láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àdírẹ́sì ímeèlì báǹkì yín nìkan ni kí ẹ kọ síbẹ̀, kí ẹ sì mú un ní dandan pé kí Google kọ́kọ́ fìdí ẹni tó fi í ránṣẹ́ múlẹ̀. Fún ti òbí, kí akápò máa yẹ àpótí spam rẹ̀ wò láràárọ̀, torí lẹ́yìn ọjọ́ 30 Google á pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Ẹ tún tan ààbò tó ń mú ẹni tó bá ń fi orúkọ òṣìṣẹ́ yín kọ̀wé láti ìta. Jìbìtì tó ń ká akápò mọ́ nìyẹn: "ọ̀gá" kọ̀wé lálẹ́ Fráìdè pé kí wọ́n tètè sanwó sí àkáǹtì kan.

Àwọn olùkọ́ kò ní wàhálà. Bí Google ṣe gbé e kalẹ̀ tó wọn.

Fún akẹ́kọ̀ọ́, mímú asẹ́ le kò tó. Ẹ lo ìlànà tí wọ́n ń pè ní Restrict delivery, kó má sí ẹni tí wọ́n lè bá kọ̀wé síra àfi àwọn tí ẹ bá fọwọ́ sí, ìyẹn àdírẹ́sì ilé-ẹ̀kọ́ yín. Àmọ́ ẹ fi àwọn SS3 sí ẹ̀ka kékeré tiwọn lábẹ́ ẹ̀ka akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ fi jamb.gov.ng kún tiwọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdánwò á dé, ọmọ kò ní rí lẹ́tà JAMB, ọ́fíìsì yín ni ìyá rẹ̀ máa wá.

Ẹ lè gbọ́ nípa àhámọ́, níbi tí alákòóso ti ń dá ímeèlì dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Bí kò bá sẹ́ni tí yóò máa ṣí i lójoojúmọ́, ẹ má lò ó.

Àyípadà wọ̀nyí lè gbà tó wákàtí 24 kó tó ràn dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn. Ẹ má ṣe é lọ́sẹ̀ ìwọlé tí owó ń wọlé. Ẹ ṣe é nígbà ìsinmi, kí ẹ lo Gmail tara yín láti fi rìsíìtì kan ránṣẹ́ sí akápò méjèèjì, kí ẹ sì pè wọ́n lórí fóònù bóyá ó dé.