Ẹni Tí Ó Mọ Orúkọ Rẹ

Bíbélì Kíkà: Aísáyà 40:25-31
Àkọ́sórí: Orin Dáfídì 147:3-4

Nígbà tí iná bá lọ ní Magboro lálẹ́, ìràwọ̀ a máa pọ̀ lójú wa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ohun tí ojú wa kò lè rí: pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí wọn po, bí ayé wa ti ń yí oòrùn po. Ní ọdún 1995, Michel Mayor àti Didier Queloz, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti Switzerland, kéde àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ń yí ìràwọ̀ tó dà bí oòrùn wa po. Wọn kò fi ojú rí i. Ìràwọ̀ náà ni wọ́n rí pé ó ń mì díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ohun kan tí ó fara sin ń fà á. Lónìí, iye tí a ti mọ̀ ti ju 6,000 lọ.

Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé ní kí orílẹ̀-èdè tó ju 100 lọ sọ ìràwọ̀ kan àti pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórúkọ. HD 43197 lásán ni ìràwọ̀ tí ó kan Nàìjíríà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Amadioha, òrìṣà àrá nílẹ̀ Ìgbò. Wọ́n sọ pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Equiano.

Ta ni Equiano? Olaudah Equiano kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1789 pé ọmọ Ìgbò ni òun, pé wọ́n jí òun gbé ní kékeré, wọ́n sì ta òun lẹ́rú. Ọ̀gá rẹ̀ kan sọ ọ́ di Gustavus Vassa. Nígbà tí ó kọ̀ ọ́, wọ́n lù ú. Ní 1766, ó fi owó tí ó tù jọ ra òmìnira ara rẹ̀. Orúkọ tí ọ̀gá náà kò fi pè é ni wọ́n ń pe pílánẹ́ẹ̀tì yẹn lónìí.

Olùfẹ́ mi, kí ni ayé ń pè ọ́? Àgàn? Onígbèsè? Àbí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ níbi iṣẹ́? Ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìràwọ̀ yẹn lórúkọ ni, orúkọ òrìṣà ni wọ́n sì fún un. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n kí a tó bí ẹnikẹ́ni. Àkọ́sórí wa fi hàn pé Ẹni tí ń ka ìràwọ̀ náà ni ń tọ́jú ọgbẹ́ ọkàn. Pílánẹ́ẹ̀tì tí ojú kò rí kò pamọ́ fún un. Ẹkún tí o ń sun lóru kò lè pamọ́ fún un. Má ṣe fi orúkọ tí ọmọ aráyé sọ ọ́ pe ara rẹ.

Kókó Àdúrà: Baba, ìwọ tí o mọ orúkọ mi, mú gbogbo orúkọ ẹ̀gàn kúrò lórí mi, kí o sì wo ọgbẹ́ ọkàn mi sàn, ní orúkọ Jésù. Àmín.