NÍTI AWỌ ARA NÍ ÌGBÀ ỌYẸ́

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti apá aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ dé, láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, awọ ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa funfun bí ẹni tí a da eérú sí lára. Ètè a bó, gìgísẹ̀ a sì là títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi yọ. Ẹni tí ó bá rí i bẹ́ẹ̀ a rò pé ìdọ̀tí ni. A mú kànrìnkàn líle, ọṣẹ, àti omi gbígbóná, a sì họ ara rẹ̀ bí ẹni ń họ ìkòkò. Ní ọjọ́ kejì, ara náà a gbẹ ju ti àná lọ, nítorí odi ara rẹ̀ ni ó ń wó, kì íṣe ìdọ̀tí.

Awọ òkè pátápátá, yàtọ̀ sí ti àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, fẹ́lẹ́ ju tákàdá lọ. Síbẹ̀ òun ni ó ń sé omi mọ́ inú ara, tí kò sì jẹ́ kí kòkòrò àrùn wọlé. Ní ọdún 1983, Peter Elias, oníṣègùn awọ ara kan ní Amẹ́ríkà, fi í wé ògiri bíríkì: àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ti kú tí wọ́n sì le ni bíríkì, ọ̀rá tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe sì ni amọ̀ tí ó so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó bá ti fọ àwo ọbẹ̀ rí mọ ohun tí omi gbígbóná àti ọṣẹ ń ṣe sí ọ̀rá. Ọṣẹ dúdú tí a fi eérú èèpo kòkó àti àdí sè pàápàá a máa ta lára, bí eérú rẹ̀ bá pọ̀ ju òróró lọ.

Ọ̀ràn yìí kì íṣe ti ẹwà nìkan. Àgbẹ̀ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ là, tí ó sì ń tẹ ilẹ̀ tí a da ìgbẹ́ ẹran sí, ti ṣí ọ̀nà fún tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ le tí aláìsàn kò fi lè la ẹnu. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ń dènà èyí. Òrí kò lè ṣe é.

Ìtọ́jú awọ náà kò ná ni lówó púpọ̀. Kí a pa kànrìnkàn tì, kí a fi ọwọ́ wẹ̀. Kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ìwẹ̀ má sì pẹ́. Kí a fi ọṣẹ mọ sí abíyá, ìtan, àti ibi tí ẹrẹ̀ bá wà. Kí a fi aṣọ tẹ omi ara díẹ̀díẹ̀, kí a má ṣe fi agbára nù ún. Nígbà tí ara bá ṣì tutù, kí ìṣẹ́jú 3 tó kọjá, kí a fi òrí pa á. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: wọn a dúró títí ara yóò fi gbẹ pátápátá. Òrí kì í mú omi wá. Èyí tí ó bá bá lórí awọ ni ó ń sé mọ́. Ní ti gìgísẹ̀, kí a rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú 10 ní alẹ́, kí a fi òrí pa á dáradára, kí a sì wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú sùn. Awọ tuntun a máa gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 kí ó tó ti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára àgbà. Nítorínáà kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa ìtọ́jú tì lẹ́yìn ọjọ́ 3.

Òróró ólífì ńkọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ìyá fi ń pa ọmọ? Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi í pa apá àwọn àgbàlagbà, wọ́n sì rí i pé ó ń ba odi awọ jẹ́. Èyí tí a fi kan iwájú orí kò ní ìpalára. Pípa gbogbo ara lójoojúmọ́ ni kò yẹ. Ọsàn wẹ́wẹ́ burú jù ú lọ: ẹni tí ó bá fi oje rẹ̀ pa ojú tí ó sì lọ sínú oòrùn lè rí i tí ara rẹ̀ lé ròrò bí ẹni tí iná jó. Àwọn ìpara tí ń bó ara kò yẹ ní dídárúkọ pọ̀ mọ́ ìtọ́jú. Òmíràn nínú wọn ní mẹ́kúrì, tí ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ara bá ń yún ní òru jù ti ọ̀sán lọ, pàápàá láàrin ìka ọwọ́, tí ará ilé mìíràn sì ń họra, kúrúnà ni ó ṣeéṣe kí ó jẹ́. Kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Gbogbo ará ilé ni a ó sì tọ́jú ní ọjọ́ kan náà.