Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Ilé-Ẹjọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ní ayé àtijọ́, bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, olórí ẹbí ni ó máa ń parí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn a gbé e dé iwájú àwọn ìjòyè. Àwọn Òṣùgbó náà a máa dá ẹjọ́ ní Ilédì. Ní ọdún 1892, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n. Lẹ́yìn èyí ni kóòtù ìjọba dé.

Lónìí, ẹ jẹ́ kí a wo oríṣi kóòtù mẹ́ta tí ó wà ní ìlú náà.

Èkíní ni kóòtù ìbílẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ẹjọ́ tí ó jẹ mọ́ àṣà wa, bí ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tí ó fẹ́ tú ká àti ogún pínpín.

Èkejì ni kóòtù Májísíréètì. Ẹjọ́ olè jíjà àti ìjà ìgboro máa ń dé ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga. Ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ẹjọ́ ńlá, bí ìpànìyàn.

Adájọ́ kì í ṣe Ọlọ́run. Ó lè ṣe àṣìṣe. Nítorí náà ni òfin ṣe fi àyè sílẹ̀ fún ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹni tí ìdájọ́ Májísíréètì kò tẹ́ lọ́rùn lè lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga. Láti ibẹ̀, ó lè lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ẹ̀ka ti Ìbàdàn. Ilé-Ẹjọ́ tí ó Ga Jù Lọ ní Àbújá ni òpin rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé wọ́n mú ọmọkùnrin kan ní ọjà pé ó jí owó. Àwọn kan ń pariwo pé, “Ẹ dáná sun ún!” Ǹjẹ́ ó dára bẹ́ẹ̀? Rárá o. Ọlọ́pàá ni kí a fà á lé lọ́wọ́, kí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé aláìṣẹ̀ ni títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. Bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ ní kóòtù, a gbọ́dọ̀ fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá wá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó jí owó náà ńkọ́? Ẹni tí wọ́n ti dáná sun kò lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn mọ́.

Àwọn àgbà a máa wí pé, “A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.” Nítorí náà, ó dára kí a kọ́kọ́ parí ìjà nílé. Ṣùgbọ́n bí ilé kò bá lè parí rẹ̀, kóòtù sàn ju ẹ̀ṣẹ́ àti kùmọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tuntun
aáwọ̀ – ìjà, èdè-àìyedè
ògbufọ̀ – ẹni tí ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láti èdè kan sí èkejì

Ìbéèrè
1. Ta ni ó máa ń parí aáwọ̀ nínú ilé ní ayé àtijọ́?
2. Kóòtù wo ni ó ń gbọ́ ẹjọ́ ogún pínpín?
3. Kí ni ìdí tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fi wà?
4. Kí ni ìwọ yóò ṣe bí wọ́n bá mú olè ní àdúgbò rẹ?