Ọkọ̀ Tó Mọ Ìgbà Tí Wọ́n Ń Dán An Wò

Ẹ bi àwọn bàbá yín léèrè nípa ọkọ̀ "ìjàpá". Volkswagen ló ṣe é, ilé-iṣẹ́ Jámánì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1937. "Ọkọ̀ ará ìlú" ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, kò nílò omi rárá, àwọn èèyàn sì fọkàn tán an.

Orúkọ rere yẹn ni wọ́n fi ṣeré. Lọ́dún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n fi sọ́fíwià ẹ̀tàn sínú ọkọ̀ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Tí ọkọ̀ bá wà lórí ẹ̀rọ àyẹ̀wò, táyà ń yí, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń yí sítíárìn. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á ti mọ̀ pé ìdánwò nìyí, á wá dín èéfín olóró kù. Tó bá padà sójú títì ńkọ́? Èéfín nitrogen oxide, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, lè tó ìlọ́po 40 iye tí òfin gbà!

Àwọn olùwádìí West Virginia University ló kọ́kọ́ kẹ́fín rẹ̀. Wọ́n kàn di ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín mọ́ ọkọ̀ ni, wọ́n sì wà á lọ sójú títì gidi. Volkswagen fúnra wọn jẹ́wọ́ pé ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 11 ni sọ́fíwià náà wà nínú rẹ̀ kárí ayé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Martin Winterkorn, ọ̀gá àgbà wọn, fi kọ̀wé fipò sílẹ̀.