Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀ Abẹ́ Òkè àti Inú Ilé ní Mẹ́kà àti Mínà: Bí A Ṣe Ń Ya Máàpù Rẹ̀

  

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéú wa, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìjọ mọ́sáláásí, ọ̀nà ni ẹ̀kọ́ tí a mú wá yìí dá lé lórí. Gbogbo wa ni a kọ́ ọ nínú fiqh pé Hajj jẹ́ ọ̀ranyàn lórí ẹni tí ó bá ní ìkápá ọ̀nà rẹ̀. Bí a bá ń ṣàlàyé ìkápá yìí, owó, ìlera àti ààbò ni a máa ń kà. Ohun tí a fẹ́ fi kún un ni pé mímọ ọ̀nà fúnra rẹ̀ wà nínú ìpalẹ̀mọ́ Hajj, pàápàá ọ̀nà tí ó gba abẹ́ òkè kọjá àti èyí tí ó wà nínú ilé alájà púpọ̀. Ibẹ̀ ni ó rọrùn láti sọnù sí, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀mí ti ṣòfò rí.

1. Kí ni nafaq?

Ihò tí a gbẹ́ la abẹ́ òkè tàbí abẹ́ ilẹ̀ kọjá ni Lárúbáwá ń pè ní nafaq. Bí ó bá pọ̀, a di anfāq. Àwọn onímọ̀ èdè so ọ̀rọ̀ yìí mọ́ nāfiqā’, ìyẹn ojú ihò ìkọ̀kọ̀ tí ẹranko kékeré kan ní aṣálẹ̀, yarbū‘, máa ń gbà sá jáde bí ọdẹ bá dúró tì í lójú ihò àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí òkété tiwa náà ti ń ṣe. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fa munāfiq yọ, ẹni tí ó gba ojú kan wọ inú ẹ̀sìn tí ó sì gba ojú mìíràn jáde. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ojú méjì ni nafaq ní. Máàpù tí ó bá fi àbáwọlé hàn tí kò fi àbájáde hàn ti tan arìnrìn-àjò jẹ.

2. Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀

Àárín òkè olókùúta ni Mẹ́kà àti Mínà wà. Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú kò pọ̀ níbẹ̀, àwọn àlejò Ọlọ́hun sì ń pọ̀ sí i. Èyí ni ó mú kí ìjọba Saudi Arabia gbẹ́ ọ̀nà la inú òkè, tí àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni nafaq al-Mu‘aysim ní Mínà. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 550, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bí mítà 10. Ní ọjọ́ 2 oṣù Júláì 1990, tí í ṣe ọjọ́ 10 Dhul-Hijja 1410, èrò há mọ́ inú rẹ̀. Àwọn tí ó wà níwájú kò rí ọ̀nà lọ, àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn kò mọ̀, wọ́n sì ń tì síwájú. Ènìyàn 1,426 ni ó kú.

Bákan náà ni ti Afárá Jamarāt, níbi tí a ti ń ju òkò. Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ ní 1963. Ní oṣù Jánúárì 2006, ó ju 340 ènìyàn lọ tí wọ́n kú ní ẹnu àbáwọlé rẹ̀. Lẹ́yìn Hajj náà, wọ́n wó o, wọ́n sì kọ́ tuntun alájà márùn-ún. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 950, fífẹ̀ rẹ̀ mítà 80; àbáwọlé rẹ̀ jẹ́ 11, àbájáde rẹ̀ jẹ́ 12. Wọ́n ṣe é kí 300,000 ènìyàn lè kọjá níbẹ̀ láàárín wákàtí kan.

3. Ìdí tí máàpù lásán kò fi tó

Máàpù tí gbogbo wa mọ̀ dà bí ohun tí ẹyẹ rí nígbà tí ó ń fò. Bí ẹyẹ bá wo Afárá Jamarāt, òkè rẹ̀ nìkan ni yóò rí. Àwọn àjà yòókù wà lábẹ́ ara wọn bí àwo tí a tò jọ. Ẹni tí ó wà ní àjà kejì àti ẹni tí ó wà ní àjà kẹrin lè dúró sí ojú kan náà lórí máàpù, kí wọ́n sì máa wá ara wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Fóònù náà kò lè yanjú rẹ̀ tán, nítorí ojú sánmà, lọ́dọ̀ sátẹ́láìtì, ni àmì tí ó fi ń mọ ibi tí a wà ti ń wá. Àmì náà kò lè la òkúta òkè já, bẹ́ẹ̀ ni kì í wọlé dáadáa sábẹ́ àjà oníkankéré.

4. Bí a ṣe ń yà á

Ohun márùn-ún ni ẹni tí ó bá fẹ́ ya irú máàpù yìí gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀:

(i) Àmì àti ìlà. Gbogbo ibi tí ènìyàn ti lè yà, tí ó ti lè wọlé tàbí jáde, a ó fi àmì (nuqṭah) sí i. Ọ̀nà tí ó so àmì méjì pọ̀, a ó fa ìlà (khaṭṭ) sí i.

(ii) Nọ́ńbà àjà. Ilẹ̀ jẹ́ 0, àjà tí ó wà lókè rẹ̀ jẹ́ 1, abẹ́ ilẹ̀ jẹ́ -1.

(iii) Irú ọ̀nà. Ṣé ilẹ̀ títẹ́jú ni, àbí àtẹ̀gùn, àbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àbí ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn ròkè?

(iv) Ìhà tí a ń rìn sí. Láàárín Safā àti Marwah, ọ̀nà àlọ yàtọ̀ sí ọ̀nà àbọ̀. Àmì ọfà ni a fi ń fi èyí hàn.

(v) Ìwọ̀n. Gígùn, fífẹ̀, àti àsìkò tí ilẹ̀kùn ń ṣí. Níbi tí sátẹ́láìtì kò dé, ẹsẹ̀ ni a fi ń kà á tàbí okùn ìwọ̀n.

Nígbà tí èyí bá pé, a lè ṣírò ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ yé ara wa. Ọ̀nà méjì ni ó lọ sí ibì kan: àkọ́kọ́ jẹ́ mítà 400 ṣùgbọ́n ó ní àtẹ̀gùn, èkejì jẹ́ mítà 650, ó sì tẹ́jú. Ọ̀dọ́mọkùnrin yóò gba ti 400. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ti ìyá rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ aláìlera, a ó pa ìlà tí ó ní àtẹ̀gùn rẹ́, ti 650 nìkan ni yóò kù. Bí máàpù kò bá sọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ni ìyá yóò jókòó sí nínú oòrùn.

Ìlànà tí Edsger Dijkstra, ará Netherlands, tẹ̀ jáde ní 1959 wà lára èyí tí kọ̀ǹpútà ń lò fún irú ìṣirò yìí: a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a wà, a ń mú àmì tí ó súnmọ́ jù níkọ̀ọ̀kan, a sì ń ro mítà pọ̀ títí a ó fi dé ibi tí a ń lọ. Algorithm ni òyìnbó ń pe irú ìlànà bẹ́ẹ̀, láti ara orúkọ al-Khwārizmī, onímọ̀ ìṣirò Bàgídáàdì. Iṣẹ́ ọ̀nà kì í ṣe àjèjì sí àwọn aṣíwájú wa: Ibn Khurradādhbih kọ Kitāb al-Masālik wal-Mamālik lórí ọ̀nà àti jíjìnnà ìlú sí ìlú, al-Idrīsī sì parí máàpù ayé ní 1154.

5. Ọ̀nà tí ó kúrú jù lè má dára jù

Máàpù kì í rí èrò. Ní ọjọ́ 24 oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 2015, ìta gbangba ni èrò ti pàdé èrò, níbi tí òpópó 204 àti 223 ti kò ní Mínà. Ìjọba Saudi Arabia kéde òkú 769. Iye tí àwọn orílẹ̀-èdè kéde fún àwọn ará wọn, bí a bá ro ó pọ̀, ju ìlọ́po méjì èyí lọ. Ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà wà nínú wọn. Nítorí náà, ẹni tí ń lọ sí Hajj:

– kí ó tẹ̀lé àsìkò àti ọ̀nà tí wọ́n yàn fún ẹgbẹ́ rẹ̀, bí òmíràn tilẹ̀ kúrú jù ú lọ;
– kí ó má ṣe yí padà kojú èrò nínú nafaq tàbí lórí afárá;
– kí ó kọ nọ́ńbà àgọ́, òpópó, ẹnu ọ̀nà àti àjà tí ó gbà wọlé sórí ìwé, kí ó sì fi sára;
– kí òun àti ará ilé rẹ̀ fi ìta, lẹ́yìn àbájáde, ṣe ibi ìpàdé.

Ẹ̀yin ọmọ, àmánà ni yíya máàpù. Ilẹ̀kùn tí ẹ kò bá rí pé ó ń ṣí, ẹ má ṣe yà á bí èyí tí ó ṣí. Ẹnì kan yóò gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó so nafaq àti munāfiq pọ̀?
2. Dárúkọ ohun márùn-ún tí a ń kọ sórí máàpù ọ̀nà inú ilé.
3. Ya máàpù mọ́sáláásí àdúgbò rẹ láti ẹnu ọ̀nà dé ibi àlùwàlá. Fi àtẹ̀gùn hàn, kí o sì sọ ọ̀nà tí bàbá arúgbó yóò gbà.

Kí Ọlọ́hun pèsè Hajj tí ó jẹ́ àtẹ́wọ́gbà fún wa, kí Ó kẹ́ àwọn tí ó kú lójú ọ̀nà Rẹ̀, kí Ó sì mú àwọn tí ó lọ padà délé láyọ̀. Āmīn.