Láti Orí Sòbìyà dé Ilé-Ẹ̀kọ́: Àríkọ́gbọ́n fún Olùkọ́ nínú Iṣẹ́ Ọ̀mọ̀wé Sànyà Ọnàbámiró

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí sòbìyà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ wa ni pé ìṣòro kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tí ó mọ ojútùú rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àgbéyẹ̀wò ọmọ Yorùbá kan tí ó fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tú iṣu désàlẹ̀ ìkòkò lórí ọ̀rọ̀ sòbìyà, tí ó sì ti ibẹ̀ di aṣáájú àti alágbàwí ẹ̀kọ́ ọmọdé. A ó tún fi hàn bí olùkọ́ ṣe lè lo ìtàn yìí nínú kíláàsì.

Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì

Ọmọ Àgó-Ìwòyè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni Ọnàbámiró. Ìmọ̀ nípa àwọn aràn àti kòkòrò tí ń gbé inú ara ènìyàn ni ó yàn láàyò. Ní 1949, ó tẹ ìwé kan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí àkọlé rẹ̀ ń béèrè ìdí tí àwọn ọmọ wa fi ń kú. Ní 1951, ó gbé ìwádìí jáde lórí bí sòbìyà ṣe ń tàn ká ní abúlé kan ní ilẹ̀ Yorùbá.

Kí ni sòbìyà jẹ́ gan-an? Aràn ni. Bí ènìyàn bá mu omi tí kòkòrò tín-ín-tìn-ín kan wà nínú rẹ̀, tí kòkòrò náà sì ti gbé ọmọ aràn yìí mì, ọmọ aràn náà yóò dàgbà nínú ara. Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, yóò yọ jáde, pàápàá ní ẹsẹ̀, ó sì lè gùn tó mítà kan. Bí aláàrùn bá ti ẹsẹ̀ náà bọ odò, aràn yóò tú ọmọ rẹ̀ sómi, àyípoyípo náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí oògùn tí ń pa á nínú ara. Ìmọ̀ ni oògùn rẹ̀: kí a máa fi aṣọ sẹ́ omi, kí aláàrùn má sì wọ odò tí a ń mu.

Láti Odò sí Ilé-Ẹ̀kọ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan olùkọ́ nìyí. Ọmọ tí sòbìyà mú lẹ́sẹ̀ kò lè rìn dé ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tí kò sì dé ilé-ẹ̀kọ́ kò ní mọ ohun tí ó mú un. Ẹni tí ó bá lóye èyí kò ní ya ìlera ọmọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ọnàbámiró bọ́ sínú ìṣèlú, ó sì di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, èyí tí S. O. Awókọ̀yà, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì bíi tirẹ̀, ṣe agbátẹrù rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17, oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, 1955. Iye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432 ní 1955. Àwọn olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ kò tó nǹkan nígbà náà. Ọnàbámiró tún wà lára ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta tí ó jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Ashby, tí ó jábọ̀ ní 1960 lórí ẹ̀kọ́ gíga tí orílẹ̀-èdè yìí nílò.

Kì í ṣe gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ ni ó dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹ̀rí tí ó jẹ́ nínú ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ ní 1962 sí 1963 fa àríyànjiyàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí ẹ̀gún inú ẹja da ẹja nù.

Ìlò rẹ̀ nínú Kíláàsì

Olùkọ́ lè fi òwe sòbìyà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, kí ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán àyípoyípo náà láti odò dé ara ènìyàn, kí wọ́n sì fi aṣọ tí ihò rẹ̀ há sẹ́ omi kànga. Kí olùkọ́ ṣàlàyé pé aṣọ lè dá kòkòrò sòbìyà dúró nítorí pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, ṣùgbọ́n kò lè dá kòkòrò onígbá-méjì dúró. Omi náà ṣì nílò sísè. Ní ìparí, kí wọ́n kọ àròkọ ní Yorùbá. Báyìí ni òwe, sáyẹ́ǹsì àti èdè yóò ṣe pàdé nínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo.

Àgbálọgbábọ̀

Ní 1987 sí 1988, àwọn tí sòbìyà ń bá jà ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, àjọ ìlera àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013 pé àrùn náà ti kásẹ̀ ńlẹ̀ níbí. Ìmọ̀ tí a gbé lọ bá ará abúlé ní èdè tí wọ́n gbọ́ wà lára ohun tí ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ̀yin ni olúgànbe tí àwọn ọmọ yóò ké sí. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí yóò degbò.