Yanrìn Lórí Òjò Dídì

Nínú ọ̀kan lára àwọn àdúà tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìrun, a máa ń dárúkọ omi, thalj àti barad. Barad kò ṣàjèjì sí wa, òun ni yìnyín tí í bá òjò rọ̀. Ṣùgbọ́n thalj ni òjò dídì, tí ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. A kì í rí i ní Òṣogbo.

Ọmọ ilé-kéwú wa kan tẹ́lẹ̀, tí ó ń gbé ní Chicago, yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní ìdájí, apá rẹ̀ sì ṣẹ́. Ìyá rẹ̀, tí ó ń tajà ní Ọjà Ọba, wá bi mí pé: “Alfa, wọ́n ní kí ó máa da yanrìn síbẹ̀. Ṣé yanrìn a máa yọ́ yìnyín ni?” Rárá o, ìyá wa.

Bí ènìyàn àti ọkọ̀ bá ti tẹ òjò dídì mọ́lẹ̀ léraléra, a di yìnyín líle. Ojú yìnyín náà kì í gbẹ tán; ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè rẹ̀ tí ó dà bí omi, òun ni ó ń mú ẹsẹ̀ yọ̀. Yanrìn kò yọ́ ọ. Wóro yanrìn a gún yìnyín nísàlẹ̀, a sì di bàtà tàbí táyà mú lókè. Ṣebí bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ń ṣe nígbà òjò, bí táyà bá ń yí lójú kan nínú ẹrẹ̀ lórí òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí a da yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀? Nítorí náà, yanrìn tí wóro rẹ̀ tóbi tí ó sì mú dára ju èyí tí ó kúnná lọ.

Iyọ̀ ni ó ń yọ́ yìnyín. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bu yìnyín sínú abọ́ méjì, ẹ da yanrìn sí ọ̀kan, iyọ̀ sí èkejì, kí ẹ wò ó. Omi lásán a máa dì ní ìwọ̀n òtútù 0, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ kì í tètè dì. Ní Ìlú Ọba, ohun pípọ́n tí ọkọ̀ ìjọba ń fọ́n sójú títì, tí ọ̀pọ̀ àwọn ará wa rò pé yanrìn ni, iyọ̀ àpáta ni. Wọ́n ń wa púpọ̀ nínú rẹ̀ ní Winsford, níbi tí wọ́n ti rí i ní 1844. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti tó nǹkan bí ìwọ̀n 9 sísàlẹ̀ òdo, agbára iyọ̀ a dín kù gan-an. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo yanrìn ní ìlú bíi Winnipeg ní Kánádà, níbi tí òtútù ti le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo ní kí ìyá náà sọ fún ọmọ rẹ̀ ni pé kí ó kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì kó òjò dídì kúrò, nítorí yanrìn tí a dà sórí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ yóò kàn rì sínú rẹ̀ ni. Kí yanrìn náà gbẹ. Bí ó bá tutù, yóò dì gbagidi bí òkúta nínú àpò. Bí yìnyín bá sì yọ́ tán, kí ó gbá a kúrò, kí ó má baà dí ojú gọ́tà. Yanrìn lórí ilẹ̀ gbígbẹ náà a máa yọ̀, bí ẹ̀yin tí ń sáré lórí sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí ti mọ̀.